Ìfẹ́ àti Òtítọ́ Nínú Títọ́ Ọmọ Àgbàtọ́

Ọmọ àgbàtọ́ ni ọmọ tí òfin gbà lọ́wọ́ ìdílé kan, tàbí lọ́wọ́ ìjọba tó ń ṣe alábòójútó rẹ̀, tó sì fi fún ìdílé mìíràn kí ó di ọmọ wọn pátápátá. Èyí yàtọ̀ sí àṣà tó ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́, níbi tí ọmọ ti ń lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó bí i, ó mọ agbo ilé rẹ̀. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá dé, á lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ àgbàtọ́ kò ní irú ibi àbọ̀sí bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n gbà á sí ni ilé rẹ̀, àwọn tó gbà á ni bàbá àti ìyá rẹ̀ títí ayé. Ìdí nìyí tí títọ́ rẹ̀ fi ń béèrè ohun kan yàtọ̀ sí oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé ẹ̀kọ́: kí ọmọ náà lè gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òbí rẹ̀. Ìfẹ́ kì í sábà wọ́n nílé àwọn alágbàtọ́. Òtítọ́ tí a sọ lásìkò ló máa ń wọ́n níbẹ̀.

Àṣírí tó yí ọ̀rọ̀ yìí ká kò ṣẹ̀yìn ìrora. Púpọ̀ nínú àwọn tọkọtaya tó ń gba ọmọ tọ́ ló ti wá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ti rìn láti ọsibítù dé orí òkè àdúrà, tí ìyàwó sì ti gbọ́ èébú lẹ́nu àwọn ẹbí ọkọ. Láwùjọ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pe obìnrin, kò yani lẹ́nu pé àwọn kan fẹ́ kí ayé gbà pé àwọn ló bí ọmọ náà. Obìnrin mìíràn á di aṣọ mọ́ ikùn fún oṣù díẹ̀. Òmíràn á kó lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á sì gbé ìkókó padà wálé fún ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti rí kò ní dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, orí ọmọ ni ẹrù àṣírí náà yóò já lé lẹ́yìnọ̀la.

Ní 1964, H. David Kirk, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tí òun fúnra rẹ̀ gba ọmọ tọ́, tẹ ìwé rẹ̀ Shared Fate jáde lẹ́yìn ìwádìí láàárín àwọn ìdílé alágbàtọ́ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà méjì ló rí pé àwọn òbí wọ̀nyí ń tọ̀. Àwọn kan ń ṣe bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ọmọ tí wọ́n gbà àti ọmọ tí wọ́n bí. Àwọn mìíràn gbà pé ìyàtọ̀ wà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láìfi bò. Ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí ni ọmọ ti ń rí ẹni bá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Àṣírí náà kì í sì í pẹ́ kó tó tú lóde òní. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò wọn, nítorí àìsàn fòníkúfọ̀ladìde. Bí bàbá bá jẹ́ AA, tí ìyá náà jẹ́ AA, ọmọ tí wọ́n bí kò lè jẹ́ AS. Ọmọ ọdún 16 tó kọ́ èyí nínú ẹ̀kọ́ báọ́lọ́jì, tó sì mọ̀ pé AS ni òun, ti ní ìbéèrè tí irọ́ kò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irú ẹ̀jẹ̀: òbí méjì tó ní ẹ̀jẹ̀ O kì í bí ọmọ tó ní A tàbí B. Àwọn ọmọ mìíràn ń gbọ́ ọ lẹ́nu mọ̀lẹ́bí níbi ìjà ogún, tàbí lẹ́nu ọmọ ilé kejì tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ìròyìn náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló máa ń dá ọgbẹ́ tó jìn jù. Ohun tó ń dun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó yí i ká ló ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo ohun tí wọ́n ti bá a sọ rí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀.

Ìfọkàntán ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó wọlé, nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, ló la ọ̀nà náà sílẹ̀. Lábẹ́ òfin 2003, ẹni tí yóò gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọdún 21 ó kéré tán ju ọmọ náà lọ. Tọkọtaya lè jọ gbà á. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya gbọ́dọ̀ tó ọdún 35, bó bá sì jẹ́ obìnrin, ọmọbìnrin ló lè gbà. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ọmọkùnrin. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á wá wo ilé, á wádìí iṣẹ́, ìlera àti ìwà àwọn tó ń béèrè. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta léraléra ó kéré tán kí ilé ẹjọ́ tó fàṣẹ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, lójú òfin, ó ti di ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó wọn.

Ọ̀nà yìí gùn, ó ń gba sùúrù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba ẹ̀bùrú, tí wọ́n ń ra ìkókó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ilé ìgbẹ̀bí bojú. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin, àjọ NAPTIP tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 sì ń gbé àwọn tó ń ta èèyàn lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n, ẹni tó ra ọmọ kò ní ìtàn tó lè sọ fún un. Ta ni yóò wo ojú ọmọ rẹ̀, tí yóò ní òun san owó lé e lórí? Ọmọ tó gba iwájú adájọ́ wọlé ní ìtàn tí ó lè gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti gbé e.

Ọjọ́ tí ọmọ bá dé, ọkàn òbí lè ti kún fún ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì mọ̀ wọ́n rárá. Báwo ni ọmọ ṣe ń di ti ẹnìkan? Láàárín 1954 sí 1955, olùwádìí kan, Mary Ainsworth, bá àwọn ìyá 26 àti ọmọ wọn jókòó ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala ní Ùgáńdà. Ìwé tó kọ nípa wọn jáde ní 1967. Ó rí i pé oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń so ọmọ mọ́ èèyàn. Àwọn ọmọ kan fà mọ́ bàbá tàbí ẹlòmíràn tí kì í fún wọn lóúnjẹ, nítorí pé ẹni náà ń dá wọn lóhùn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ tètè ń mọ ohun tó ń fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sunkún, òun náà ló sì ń fi ọkàn balẹ̀ rá lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá bojú wẹ̀yìn, ìyá wà níbẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń dáhùn nígbà gbogbo ni ọmọ ń mú ní òbí.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó dára kí ọwọ́ tó ń bọ́ ọmọ, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń tẹ́ ẹ sùn má pọ̀. Èyí kò rọrùn nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí ayọ̀ ọmọ tuntun jẹ́ ti gbogbo agbo ilé. Kí àlejò kí i, kí wọ́n súre fún un, ṣùgbọ́n bó bá bú sẹ́kún, ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni kó gbà á. Pípọ̀n wúlò gidigidi, kì í sì í ṣe fún ìkókó nìkan. Ọmọ ọdún méjì tí ọwọ́ àwọn olùtọ́jú ilé ọmọ òrukàn kò ká láti pọ̀n ṣì ń jèrè ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tuntun, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti gùn. Aṣọ tàbí ohun ìṣeré tó bá a wá láti ibi tó ti ń bọ̀ kò yẹ kó di ohun tí wọ́n ń jù nù ní ọjọ́ kejì, bó ti wù kó gbó tó. Òun nìkan ni ohun tó mọ̀ nínú ilé àjèjì náà.

Àwọn ọmọ tó ti pẹ́ nílé ọmọ òrukàn lè hu ìwà tí ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣì túmọ̀. Ọmọ kan á máa fò mọ́ gbogbo àlejò, á fẹ́ bá ẹni tí kò rí rí lọ, àwọn èèyàn á sì máa yìn ín pé ó yá mọ́ èèyàn. Olùwádìí Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìwà yìí lára àwọn ọmọ tí wọ́n gbà láti àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí ní Románíà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní 1989. Àmì ni pé ọmọ náà kò tíì ní ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ ní pàtó. Ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà ṣe dáadáa bí àwọn ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń bá ìṣòro yí títí wọ́n fi dàgbà. Èyí kò sọ pé ọmọ tó ti gbọ́njú kò ṣe é gbà. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, òbí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbà á. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa fi búrẹ́dì pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Kì í ṣe olè. Ó ti mọ ebi rí ni, kò sì tíì gbà pé oúnjẹ ọ̀la dájú. Abọ́ kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀, tí bisikíìtì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tán nínú rẹ̀, ń ṣe ohun tí ìbáwí kò lè ṣe.

Ìgbà wo ni kí wọ́n sọ fún un? Ìdáhùn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹnu kò lé lórí ni pé kí ó má sí ọjọ́ kan tí ọmọ lè rántí pé ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ gbọ́. Láti ìgbà tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni kí ìyá ti máa sọ ọ́ bí ẹni ń kọrin fún un: ọjọ́ tí wọ́n lọ mú un wálé, aṣọ tó wọ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n níbi tó ti gbé e. Ọmọ kò ní í lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òbí á ti mọ́ ọn, ìtìjú á sì ti kúrò nínú ohùn rẹ̀ kí ọmọ tó tó ẹni tó ń gbọ́ ohùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbọ́ pé inú obìnrin mìíràn ni òun ti jáde, pé obìnrin náà kò lè tọ́jú òun, pé màmá àti dádì ń wá ọmọ, wọ́n sì wá mú òun. Ó tó bẹ́ẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. David Brodzinsky, tó ti ṣèwádìí pẹ́ lórí bí ọmọ ṣe ń lóye ọ̀rọ̀ yìí, fi hàn pé ọmọ kékeré lè máa ka ìtàn náà bí ẹni ka orin láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, tí ọgbọ́n rẹ̀ sì gòkè, á ṣàdédé rí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀: kí wọ́n tó lè mú òun, ẹnìkan ti kọ́kọ́ fi òun sílẹ̀. Ọmọ tó ti ń fi ìdùnnú sọ ìtàn ara rẹ̀ lè wá dákẹ́, tàbí kó máa bínú láìnídìí. Ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe, ó sì tọ́ sí i. Òbí tó bá tètè fi ẹ̀rín pa á mọ́ ti kọ́ ọ pé ìbànújẹ́ yìí kò láàyè nílé. Ó sàn kó jókòó tì í, kó ní, "Ó dùn ọ́. Ó dùn mí náà."

Ohun tí wọ́n ń sọ ṣe pàtàkì bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ohun tí òbí mọ̀ ni kó sọ; ohun tí kò mọ̀, kó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Kò dára láti sọ pé ìyá tó bí i ti kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà. Kò dára láti pè é ní ìkà, nítorí ọmọ mọ̀ pé ara rẹ̀ ni òun ti wá, bí ó bá jẹ́ ìkà, kí ni òun? Ọ̀rọ̀ tó dà bí ìtùnú náà ń ṣèpalára nígbà mìíràn. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé ìfẹ́ ló mú kí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ lè máa ṣọ́ ọjọ́ tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ báyìí yóò fi í sílẹ̀. Ohun tó le, bí ìfipábánilòpọ̀ tàbí pé inú igbó ni wọ́n ti rí i, lè dúró dìgbà tí ọgbọ́n rẹ̀ bá gbé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi irọ́ dí àyè náà. Àwọn òbí kan ń ṣe ìwé ìtàn fún ọmọ, tí wọ́n ń lẹ àwòrán ilé ọmọ òrukàn, orúkọ olùtọ́jú tó wẹ̀ ẹ́, àti ẹ̀dà ìwé ilé ẹjọ́ mọ́. Iṣẹ́ kékeré ni, èrè rẹ̀ pọ̀.

Ọmọ tó ti mọ òtítọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀ kò ní ohun tí mọ̀lẹ́bí lè fi ha á láyà. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn òbí bá ẹbí sọ̀rọ̀ láìfi epo bọyọ̀. Ìgbàgbọ́ kan wà, fún àpẹẹrẹ, pé ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ máa ń fa ọmọ inú wá. Bí ìyá bá wá lóyún lóòótọ́, ẹbí á máa yọ̀ lójú ọmọ àkọ́kọ́ pé ó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ mú un wá. Kò sí ìpalára tó rọrùn ṣe bí èyí, òbí nìkan ló sì lè pa á lẹ́nu wọn. Òun ni àkọ́bí, kó sì máa jẹ́ àkọ́bí.

Orúkọ àti oríkì wà lára ohun tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti mọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n fi tiwọn kún un, kí wọ́n má pa ti ìṣáájú rẹ́. Ní ti oríkì ìdílé, àwọn àgbà kan máa ń ṣiyèméjì bóyá ó tọ́ sí ọmọ tí wọn kò bí. Agbo ilé Yorùbá ti ń gba àlejò mọ́ra láti ayébáyé, àtọmọdọ́mọ àwọn kan tó ti òde wọlé ló sì ń jẹ́ oríkì ilé náà lónìí. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, tí bàbá rẹ̀ kì í délẹ̀délẹ̀, kò nílò ìwé mìíràn láti mọ̀ pé ọmọ ilé ni òun.

Ìbáwí tọ́ sí i bó ti tọ́ sí gbogbo ọmọ. Òbí tó ń bẹ̀rù pé ọmọ yóò kórìíra òun, tí kò sì bá a wí, ti yà á sọ́tọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu, bó ti wù kí inú bí i tó: pé òun yóò dá a padà síbi tí òun ti mú un wá. Ọmọ mìíràn lè gbọ́ irú rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ àgbàtọ́ mọ̀ pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀ rí.

Fún àwọn Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn fi ààlà sí gbígba ọmọ tọ́. Wọ́n gbà láti tọ́jú ọmọ òrukàn, ọlá ńlá sì wà fún un nínú ìgbàgbọ́ wọn. Ànábì fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn tí Abú Tọ́líbù tọ́. Ṣùgbọ́n Súrà al-Ahzab ní kí wọ́n máa fi orúkọ bàbá tó bí ọmọ pè é. Ọmọ náà kò sí nínú àwọn tó ń jogún bí ọmọ inú, ṣùgbọ́n òbí lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún, bí kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní lọ. Bí ìyá bá fún un lọ́mú kó tó pé ọdún méjì, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ nípa ọmú, kò sì sí pé wọ́n ń bo ara fún ara wọn nínú ilé mọ́ bó bá bàlágà. Níbi yìí, ẹ̀sìn àti ohun tí àwọn olùwádìí rí bára mu: kí ọmọ mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ ogún kò gba kí òbí dákẹ́. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ fún ọmọ ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n gbà lẹ́nu lásán, láìlọ sí ilé ẹjọ́, lè rí i lọ́jọ́ ìsìnkú pé àwọn àbúrò bàbá ti ti ilẹ̀kùn. Ìwé ìpíngún tí wọ́n kọ níwájú lọ́yà, tí wọ́n sì dárúkọ ọmọ náà sí, jẹ́ apá kan ìfẹ́.

Bí ọmọ bá dàgbà sí ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ tàbí èdè rẹ̀ yàtọ̀, ìbéèrè ta ni mí tún gbòòrò sí i. Láti àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun, láìsí pé òfin sọ wọ́n di ọmọ ibẹ̀. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, dàgbà bẹ́ẹ̀ ní Tilbury. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú rìn. Ó fi ìtàn náà ṣe sinimá Farming ní 2018. Ìdílé aláwọ̀ funfun tó bá gba ọmọ dúdú gbọ́dọ̀ wá àwọn àgbàlagbà dúdú tí ọmọ náà yóò máa rí, tí yóò máa bá jẹun, tí yóò máa kọ́ èdè lẹ́nu wọn.

Nígbà tí ọmọ bá di ọ̀dọ́, ó lè fẹ́ mọ ẹni tó bí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin 1975 fún ọmọ àgbàtọ́ tó ti pé ọdún 18 láàyè láti gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Nàìjíríà, òfin 2003 ní kí ìjọba ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ àgbàtọ́, ọ̀dọ̀ wẹ́fíà àti ilé ẹjọ́ tó fàṣẹ sí i sì ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń ka ìbéèrè yìí sí àìmoore. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí ara tù nílé náà ń béèrè. Òbí tó bá ní, "Jẹ́ kí a jọ wá a," kì í pàdánù ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà kò ní láti yan ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá rí ìyá tó bí i, ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ láìsí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó mọ ọ̀rọ̀ náà, torí obìnrin náà lè ti ní ọkọ àti ọmọ tí kò sọ fún. Bí ìwádìí náà kò bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, òbí lè bá a lọ sí tésàn ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, tàbí ilé ọmọ òrukàn tó gbà á, kó rí àwọn tó tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà ohunkóhun tí wọ́n bá kọ nípa rẹ̀.